Wáìnì funfun láti ara igi àjàrà àgbà, bí wọ́n ṣe ń mu ún kó tó yéèyàn

Tí Chenin Blanc (wáìnì funfun tí wọ́n ń fi irú àjàrà kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe) olówó ńlá láti Gúúsù Áfíríkà bá ti tutù bí omi yìnyín nínú fíríìjì, tí wọ́n sì dà á mu lójú ẹsẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti èyí tó pọ̀ nígboro o, torí òtútù ò ní jẹ́ kí òórùn ẹ̀ jáde, ahọ́n pàápàá á kú.

Igi tó bá ti pé ọdún 35 ni wọ́n ń pè ní àgbà lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ Old Vine Project ló ń fún un ní síìlì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, ọdún tí wọ́n gbin igi yẹn sì máa ń wà lára síìlì náà. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í so púpọ̀ mọ́. Ìdì èso díẹ̀ ni, wóró ẹ̀ kéré, gbogbo agbára igi á wá kó sínú ìwọ̀nba tó so yẹn, gbòǹgbò ẹ̀ náà ti wọlẹ̀ jìn débi pé tí ọ̀dá bá dá, tí ewé igi kékeré ti ń rọ, òun ṣì ń rí omi mu nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀nù sanwó fún ò lè rí èrè níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi hú ọ̀pọ̀ dànù, ó sì dunni gan-an, torí ta ló fẹ́ ra ọdún 35 padà?

Tí wọ́n bá kọ single vineyard sára ìgò, ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ò ju hẹ́kítà 6 lọ lófin ibẹ̀ ni gbogbo èso yẹn ti wá. Tí kíkan ẹ̀ ò bá tó lọ́dún kan, kò sí ti ọgbà míì tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Nínú ọgbà tí Eben Sadie, ẹnì kan tó ń ṣe wáìnì lọ́hùn-ún, fi ń ṣe wáìnì tó ń pè ní Mev. Kirsten ní agbègbè Stellenbosch, igi tí wọ́n ti gbìn láti 1905 ṣì ń so. Àgbá onígi tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú wáìnì yìí ń lò, kí òórùn pákó má bàa bo ti ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìjì ní bí ìṣẹ́jú 20 ṣáájú, kó wà ní bíi 10 sí 12 Celsius, ẹ wá da díẹ̀ sínú gíláàsì tó níkùn tí ẹnu ẹ̀ fún. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ápù ló sábà máa kọ́kọ́ kan imú, tó bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ sì ń yí gíláàsì, oyin á yọjú, koríko gbígbẹ, òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àmọ́ ẹnu lọ̀rọ̀ igi àgbà wà jù. Ẹ má tètè gbé e mì. Ó máa ń wúwo lórí ahọ́n bí ẹni pé epo díẹ̀ wà nínú ẹ̀, láìsí ṣúgà, kíkan ẹ̀ á wá gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, itọ́ á sun, tí ẹ bá sì gbé e mì tán, adùn ẹ̀ á ṣì wà lọ́nà ọ̀fun fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ má mu ún tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Ẹ dé ìlàjì padà sínú fíríìjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ọjọ́ kejì ló máa ń túra sílẹ̀.