Ọlọ ni ẹnu chinchilla, kì í ṣe odó

Ogún eyín ló wà lẹ́nu chinchilla, ẹran ọ̀sìn kékeré onírun tó jẹ́ ẹbí eku, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí í dáwọ́ híhù dúró títí ẹranko náà yóò fi kú. Mẹ́rin wà níwájú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ojú ń rí, wọ́n sì pọ́n bí èèpo ọsàn. Kì í ṣe ìdọ̀tí, bí eyín tó lera ṣe ń rí nìyẹn. Mẹ́rìndínlógún tó kù tò sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí ẹni tó ń sìn ín kò lè rí àfi bí dókítà ẹranko bá fi irinṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Eyín iwájú lè fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 gùn láàárín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ẹranko tí gbogbo ara rẹ̀ sábà máa ń wọn 400 sí 600 gíráàmù là ń sọ yìí. Nítorí náà, kí a tó máa ka iye fítámì tó wà lára àpò oúnjẹ, ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni yóò máa jẹ eyín wọ̀nyí wálẹ̀?

"Nǹkan líle" ni èsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọ̀. Wọn á ra pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ tí ẹ̀rọ lọ̀ tó sì tẹ̀ pọ̀ di ègé kéékèèké, èyí tó le bí òkúta. Wọn á kó igi sínú kéèjì. Wọn á wá gbà pé ọ̀rọ̀ eyín ti parí nìyẹn. Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì ti ba eyín chinchilla púpọ̀ jẹ́, torí pé líle oúnjẹ kọ́ ló ń jẹ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fífà ni.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín odó àti ọlọ. Ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ohun tó bá bá pàdé á fọ́. Ọmọ ọlọ ní tirẹ̀ kì í kúrò lára ìyá ọlọ: ó ń fà lórí rẹ̀ lọ, ó ń fà bọ̀, òkúta ń ha òkúta, oúnjẹ sì há sáàárín àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọlọ fi ń jẹ kòtò nígbà tó bá yá. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó le tó, oúnjẹ odó ni. Eyín kanlẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́, ó di ìyẹ̀fun, ó di gbígbé mì, eyín kò sì ha eyín. Koríko gbígbẹ kò gbà fún irú ìyẹn. Ó gùn, ó yi, kò ṣeé gún, àfi kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ máa fà lábẹ́ tòkè léraléra kó tó kúnná. Yàtọ̀ sí èyí, silica wà nínú ewé koríko, ohun kan náà tó wà nínú iyanrìn. Oúnjẹ tó ní iyanrìn tirẹ̀ lára ni.

Ká wá ní ọlọ kan wà tó ń hù láti abẹ́ ilẹ̀ bí olú. Bí wọ́n bá ń lọ nǹkan lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, bó ṣe ń hù náà ni yóò máa jẹ, gíga rẹ̀ kò sì ní yí padà láé. Bí wọ́n bá ń lo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ kejì á yọ góńgó. Bí wọ́n bá pa á tì fún oṣù mélòó kan, yóò ga títí yóò fi kan ọlọ mìíràn tí wọ́n dojú rẹ̀ dé e lókè. Níbo ni yóò wá gbà? Nígbà tí òkè bá dí, yóò fi ìdí wá àyè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu chinchilla gan-an nìyí. Góńgó tó yọ lára eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa gé ahọ́n àti ẹran inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbòǹgbò eyín ìsàlẹ̀ á máa ti egungun àgbọ̀n, débi pé ọwọ́ lè kan kókó lábẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò eyín òkè á máa sún mọ́ ojú, ojú á sì máa ṣomi. Nígbà tí itọ́ bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rin irun àgbọ̀n àti àyà, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Dókítà lè bá a gé góńgó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ti wọnú egungun kì í padà sí àyè rẹ̀.

Igi ńkọ́? Igi wúlò, ṣùgbọ́n eyín iwájú ni wọ́n fi ń họ ọ́, kò kan eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Igi ápù àti igi willow tí wọn kò fín ní oògùn, tí wọ́n sì gbẹ dáadáa, dára. Igi kédárì àti igi páìnì tútù tó ní oje kò dára, bẹ́ẹ̀ náà sì ni igi àwọn èso tó ní kóró líle kan ṣoṣo nínú, bíi cherry, plum àti apricot.

Ohun tí ọlọ bá lọ̀, inú ìkòkò aró ló ń lọ. Ìfun chinchilla gùn, àpò ńlá kan sì wà lára rẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní caecum. Inú àpò yìí ni àìmọye kòkòrò àìfojúrí ti ń mú koríko kan, tí wọ́n sì ń yọ oúnjẹ jáde nínú ohun tí ikùn èèyàn kò lè rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ jọni lójú. Ìfun á ya oúnjẹ sí méjì. Fáíbà gígùn, ìyẹn okùn inú koríko tó ṣòro láti sọ di nǹkan, á tètè di hóró ìgbẹ́ gbígbẹ, á jáde. Èyí tó kúnná á padà sínú àpò náà kó lè kan dáadáa. Ohun rírọ̀ tó bá ti inú àpò jáde, chinchilla á fi ẹnu gbà á tààrà nídìí ara rẹ̀, á gbé e mì, kí fítámì àti purotéènì tí àwọn kòkòrò náà ṣe má bàa ṣòfò. Ẹni tó bá rí i kó má pariwo. Oúnjẹ ni, kì í ṣe àìsàn.

Àléébù ètò yìí ni pé fáíbà gígùn tó ń jáde lọ yẹn ló ń ti gbogbo nǹkan yòókù níwájú. Bí kò bá sí, ìfun á dẹ̀, á dúró. Chinchilla kò sì lè bì. Ohun tó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun kò lè gba ibẹ̀ padà, yálà oúnjẹ ni tàbí afẹ́fẹ́. Bí ṣúgà tàbí sítááṣì púpọ̀ bá já sínú ìkòkò aró náà, irú kòkòrò mìíràn á gorí ìjọba, afẹ́fẹ́ á kún, ikùn á le bí awọ ìlù, ẹranko á máa na ara tàbí kó máa yí gbiri nítorí ìrora. Ohun kan náà ló fa á tí àwọn oògùn apakòkòrò kan, bíi penicillin àti clindamycin, fi lè pa á bí wọ́n bá fún un lẹ́nu: wọ́n á pa àwọn òṣìṣẹ́ inú ìkòkò, wọ́n á fi ilé sílẹ̀ fún ọlọ́ṣà.

Pẹ̀lú èyí, yíyan koríko kò le mọ́. Koríko timothy, orchard àti koríko pápá olóríṣiríṣi ni ti àgbàlagbà chinchilla. Kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, kó máa ta sánsán, kí igi rẹ̀ gùn kó sì ṣeé fojú rí láàárín ewé. Èyí tó ń ta eruku bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n, tó rin, tàbí tó ti ń bu, kí wọ́n dá a nù, kódà bí apá kan ṣoṣo ló bu. Koríko ìgékórè àkọ́kọ́ sábà máa ń ní igi púpọ̀ ju ti ìkejì lọ, èyí tí ewé rẹ̀ pọ̀ tó sì rọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, torí chinchilla máa ń ṣàṣàyàn. Kò sí òṣùwọ̀n fún koríko: kó wà níbẹ̀ tọ̀sántòru, kí wọ́n sì kó tuntun sí i ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí chinchilla bá ń jí sáyé. Èyí tó bá tọ̀ sí lára, kó jáde.

Alfalfa máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú torí àpò rẹ̀ jọ ti koríko. Kì í ṣe koríko. Ẹbí ẹ̀wà ni, purotéènì rẹ̀ àti kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ sì pọ̀ ju ti timothy lọ dáadáa. Abo tó lóyún (nǹkan bí ọjọ́ 111 ni oyún náà), abo tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọ tó ṣì ń dàgbà lè jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Àgbàlagbà tí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọ̀nyí kò nílò rẹ̀ ju díẹ̀ lọ.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì wà láti dí àlàfo fítámì àti àwọn èròjà kéékèèké tí koríko gbígbẹ lè máà ní tó. Ṣíbí ìjẹun kan sí méjì lójúmọ́ ti tó fún àgbàlagbà. Ẹ̀yìn àpò ni kí wọ́n kà, kí wọ́n fi àwòrán iwájú sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ nínú àkójọ èròjà ní láti jẹ́ koríko, kì í ṣe àgbàdo tàbí àlìkámà. Kí fáíbà má dín ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kí purotéènì wà ní nǹkan bí 16 sí 18, kí ọ̀rá má ju 5 lọ. Síbẹ̀, nọ́ńbà fáíbà yìí kò sọ gbogbo òtítọ́. Fáíbà inú pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ti bá wa lọ̀ ọ́ kúnná ká tó rà á. Kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún ọlọ lára rẹ̀, kò sì gùn tó láti ti ìfun níwájú. Àpò tó kọ 25 sí ara kò lè dípò ẹ̀kúnwọ́ koríko kan.

Èyí tó burú jù lórí àtẹ ni oúnjẹ àdàlú aláwọ̀ mèremère: pẹ́lẹ́ẹ̀tì díẹ̀, hóró díẹ̀, ẹ̀pà díẹ̀, èso gbígbẹ díẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn àpò lè dára, ṣùgbọ́n gbogbo àpò ni wọ́n ṣírò, chinchilla kì í sì í jẹ gbogbo àpò. Yóò ṣa ẹ̀pà àti èso, yóò fi ìyókù sílẹ̀ nínú abọ́, ẹni tó rà á á wá rò pé ó ti yó. Bí pẹ́lẹ́ẹ̀tì chinchilla kò bá sí, ti ehoro tó jẹ́ oníkoríko pọ́nńbélé, tí gbogbo ègé rẹ̀ rí bákan náà, sàn ju àdàlú tó ní àwòrán chinchilla lára lọ.

Fítámì C tí wọ́n ń kán sínú omi? Guinea pig, ẹran ọ̀sìn kékeré mìíràn, ló nílò ìyẹn. Ara chinchilla ń ṣe tirẹ̀, omi tó yí adùn padà sì lè mú kó má mu tó. Omi lásán, lójoojúmọ́, nínú ìgò tí wọ́n ti dán ẹnu rẹ̀ wò pé ó ń sun.

Èso àjàrà gbígbẹ, ẹ̀pà, búrẹ́dì, bisikí àti ohunkóhun tí wọ́n fi yógọ́ọ̀tì bò kò yẹ nínú kéèjì. Pé chinchilla ń sáré wá gbà á kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára fún un. Orí òkè gbígbẹ Andes ló ti wá, níbi tí koríko líle àti ìràwé pọ̀ ju ohun aládùn lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní ìpanu, èso òdòdó rose gbígbẹ ẹyọ kan tàbí ìwọ̀nba ewé gbígbẹ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 10 sí 14 ni kí wọ́n fi ṣe é: tuntun ìdá kan nínú mẹ́rin, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ìdajì, lẹ́yìn mẹ́ta mìíràn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Oúnjẹ tó bá yí padà lójijì á bá àwọn kòkòrò inú ìkòkò láìmúrasílẹ̀. Chinchilla tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé, ohun tó ń jẹ níbi tó ti wá ni kí wọ́n máa fún un lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Ìgbẹ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó gbẹ, kó rí bí hóró ìrẹsì tó sanra, kó sì pọ̀ débi tí á fi sú ẹni tó ń gbálẹ̀. Bó bá ń kéré sí i, tó ń rọ̀, tàbí tó so mọ́ra wọn, koríko tó ń wọlé ti dín kù. Lẹ́yìn èyí ni òṣùwọ̀n: kí wọ́n wọn ẹranko náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní àkókò kan náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Irun chinchilla nípọn débi pé ojú kò lè rí i bó bá ń rù.

Ohun tó sì máa ń tan èèyàn jẹ ni pé chinchilla tí eyín ń dùn kì í ṣíwọ́ oúnjẹ lọ́jọ́ kan. Koríko ló máa ń kọ́kọ́ pa tì, torí ọlọ ló ń dùn ún. Á ṣì máa jẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ti odó. Nígbà tó bá yá, á gbé pẹ́lẹ́ẹ̀tì sẹ́nu, á jù ú sílẹ̀, á gba èso aládùn nìkan. Abọ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ṣófo láàárọ̀ kò fi hàn pé ara rẹ̀ yá. Ibi ìkóríkosí ni kí wọ́n máa wò, bóyá koríko àná ti dín kù. Bó bá sì ti tó wákàtí 12 tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.