Bí iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ṣe ń dé inú jọ́nà

Kò sí ìlànà kan tó ní àfi ẹni tó bá ti gboyè nìkan ló lè fi iṣẹ́ ìwádìí ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn sí. Ohun tó wà nínú iṣẹ́ ni olóòtú ń wò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni Erasto Mpemba, ará Tanzania, nígbà tó ṣàkíyèsí pé wàrà gbígbóná tó fẹ́ fi ṣe áísìkiriìmù dì ṣáájú èyí tó ti tutù. Olùkọ́ rẹ̀ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1969, orúkọ rẹ̀ àti ti Denis Osborne, olùkọ́ yunifásítì, jọ jáde nínú jọ́nà Physics Education lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ físíìsì ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí títí dòní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ ìwé.

Àpérò ló sábà máa ń ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ àṣamọ̀, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú iṣẹ́ rẹ̀, ránṣẹ́, tí kì í sábà ju 250 ọ̀rọ̀ lọ, ìgbìmọ̀ á sì yan àwọn tó wù wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àpérò kan wà tí wọ́n ń pè ní NCUR (National Conference on Undergraduate Research), tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní 1987. Àwọn kan á dìde sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó kù á dúró ti póstà wọn, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n fi ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ póstà ló jẹ́ ìwọ̀n A0, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 84.1 sí 118.9, síbẹ̀ àwọn kan á fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá wọn sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò kà á. Ẹni tó ń kọjá á wo àkọlé, á wo àwòrán kan, á ní, "Kí lẹ rí?" Ẹni tó bá lè fi gbólóhùn méjì dáhùn ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ènìyàn mẹ́ta bá sì béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń jò. Èmi á ní èrè àpérò gan-an nìyẹn, ju ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pín lọ.

Kí iṣẹ́ tó lọ sí jọ́nà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn tí yóò wà lórí iṣẹ́ ti yanjú. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n ìlànà wà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ṣe là á kalẹ̀, òǹkọ̀wé ni ẹni tó kópa gidi nínú iṣẹ́, tó bá wọn kọ ọ́ tàbí tún un ṣe, tó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, tó sì gbà láti dáhùn fún ohun tó wà níbẹ̀. Owó tàbí yàrá tí ọ̀gá pèsè nìkan kò sọ ọ́ di òǹkọ̀wé. Ètò orúkọ náà yàtọ̀: nínú ìṣirò, a-b-d ni wọ́n sábà ń tẹ̀ lé, nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló ń síwájú, ọ̀gá á kẹ́yìn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló dára kí akẹ́kọ̀ọ́ àti alábòójútó ti sọ ọ́.

Jọ́nà kan ṣoṣo ni a ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Olóòtú lè dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé kò bá ohun tí jọ́nà rẹ̀ ń tẹ̀ mu. Bó bá kọjá ibẹ̀, á lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí kì í sábà dárúkọ ara wọn, tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù á sì máa gorí oṣù. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n gbà á láìsí àtúnṣe. "Ẹ lọ ṣe àtúnṣe ńlá" máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni: olóòtú ò tíì ti ilẹ̀kùn. Gbogbo kókó tí àwọn onímọ̀ náà kọ ni a ó fèsì sí lọ́kọ̀ọ̀kan, báyìí:

Kókó 3: Kí ló dé tí ẹ yọ àwọn tí kò dáhùn gbogbo ìbéèrè kúrò?
Èsì: A ti dá wọn padà sínú ìṣirò. Àbájáde kò yí padà. Ẹ wo ojú ìwé 7, ìlà 12.

Bí ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò bá sì ṣi nǹkan gbọ́, a lè sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ká fi ẹ̀rí tì í.

Íméèlì tó ń yin akẹ́kọ̀ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, tó ní òun á tẹ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta bó bá ti lè sanwó, gbájúẹ̀ ni. Ní 2013, oníròyìn John Bohannon fi iṣẹ́ ayédèrú tó kún fún àṣìṣe ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. 157 nínú wọn gbà á. Owó nìkan kọ́ ni àmì, torí àwọn jọ́nà gidi kan tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ náà máa ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń dín in kù fún ẹni tí kò ní. Ohun tó yẹ ni ká wò bóyá jọ́nà náà wà nínú DOAJ, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ká sì ka iṣẹ́ bíi méjì tó ti tẹ̀ rí.

Bí wọ́n bá gbà á, ẹ̀dà àyẹ̀wò ìkẹyìn á dé, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kó padà láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Orúkọ, nọ́ńbà inú àtẹ àti àkọlé àwòrán ni ká kọ́kọ́ wò níbẹ̀, torí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti gba DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí kì í yí padà, tó sì ti jáde, àtúnṣe kankan di ohun tí jọ́nà gbọ́dọ̀ kéde ní gbangba.