Ta ló bí John Connor? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn fíìmù Terminator

Ìbéèrè: Mo wo The Terminator, fíìmù tí James Cameron darí ní 1984, títí ó fi parí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ta kókó sí mi lọ́kàn. John Connor, olórí àwọn ènìyàn tó ń bá àwọn ẹ̀rọ jagun, ló rán ọmọ ogun rẹ̀, Kyle Reese, láti ọdún 2029 padà sí 1984, kí ó lọ dáàbò bo Sarah, ìyá John, lọ́wọ́ ẹ̀rọ apànìyàn kan. Reese débẹ̀ tán, ó fún Sarah lóyún, oyún náà sì ni John. Bí wọn kò bá tíì bí John, ta ló wá rán bàbá rẹ̀ níṣẹ́?

Ìdáhùn: Ohun tó ń da olùwòran láàmú ni pé a máa ń wá ìgbà àkọ́kọ́ kan, tí John ti ní bàbá mìíràn kí Reese tó dé. Fíìmù náà kò fi irú ìgbà bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ọdún 1984 kan ṣoṣo ló wà nínú ìtàn náà, Reese sì ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá. Òbìrìkìtì ni àkókò níbẹ̀, kò ní orí, kò ní ìdí. Yorùbá ní a kúnlẹ̀ a yan ẹ̀dá. Ti John tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó yan bàbá mọ́ ọn.

Fọ́tò kan ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ní ìparí eré náà, Sarah dúró ra epo ọkọ̀ ní Mẹ́síkò, oyún ti yọ lára rẹ̀, ọmọdékùnrin kan sì ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kí ó sanwó. Fọ́tò yìí gan-an ni John yóò fún Reese nígbà ogun, òun ni Reese máa ń tẹjú mọ́, tí ó ń ṣe kàyéfì ohun tí obìnrin yìí ń rò tí ojú rẹ̀ fi fà ro báyẹn. Àwa tí a wo eré náà mọ̀ ọ́n. Sarah ń gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ọmọ inú rẹ̀, ó ń rò ó bóyá kí òun sọ ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ fún un, nítorí pé bí John kò bá rán Reese, kò ní sí John. Reese fúnra rẹ̀ ni Sarah ń rò nínú fọ́tò náà.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ tó lágbára tó báyìí, kí ló dé tí kò mọ Sarah tó ń wá?

Ìdáhùn: Ogun ti run ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀, kò sì ju orúkọ Sarah àti ìlú Los Angeles lọ tó kù sọ́wọ́ Skynet, kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀rọ náà, tó sì rán apànìyàn náà wá. Ìyẹn ni apànìyàn náà, tí Arnold Schwarzenegger ṣe, fi ṣí ìwé tẹlifóònù, tí ó ń pa gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Sarah Connor bí orúkọ wọn ṣe tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìbéèrè: Bí òbìrìkìtì náà kò bá ṣeé já, báwo ni wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti dá ogun dúró nínú apá kejì tó jáde ní 1991?

Ìdáhùn: Òfin ti yí padà níbẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a fi ní láti bò ó mọ́lẹ̀. Apá kejì sọ pé ní 29 Oṣù Kẹjọ 1997 ni Skynet yóò kọlu aráyé, ṣùgbọ́n pé ó ṣeé yẹ̀. Ó tún sọ pé láti ara àfọ́kù ẹ̀rọ apànìyàn ti 1984 ni Miles Dyson, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti ń rí ìmọ̀ tí yóò bí Skynet ní ilé iṣẹ́ Cyberdyne. Bí wọ́n bá wá ba àfọ́kù náà jẹ́, tí Skynet kò dé, kò sí ẹni tí yóò rán Reese. Fíìmù náà kò dáhùn èyí. Lójú tèmi, Cameron mọ̀ọ́mọ̀ tú kókó náà ni, kí Sarah lè ní ohun tí yóò yàn. Ẹ̀dá ìtàn tí gbogbo ìṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kò ní ìpinnu kankan láti ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé Sarah yìí náà ni ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní apá kìíní? Ó ti le jù.

Ìdáhùn: Òun náà ni, Linda Hamilton ló sì ṣe é nínú méjèèjì. Ẹ fara balẹ̀ wo alẹ́ tó lọ sílé Dyson ní apá kejì láti pa á. Ní 1984, nínú ilé ijó kan, iná pupa róbótó láti ara ìbọn ẹ̀rọ náà bà lé iwájú orí Sarah, nítorí ọmọ tí kò tíì bí. Nísinsìnyí, Sarah ló di ìbọn mú nínú òkùnkùn, irú iná pupa kan náà sì bà lé ara Dyson, nítorí ohun tí kò tíì ṣe. Ohun tó yọ ọ́ ni pé mọ́tò ìṣeré ọmọ rẹ̀ kọ lù ú lẹ́sẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀, ni ọta bá kọjá. Sarah wọlé tọ̀ ọ́, ó yìnbọn lù ú léjìká. Ìyàwó àti ọmọ ń sunkún, ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. Ó wó jókòó, ó bú sẹ́kún.

Ṣáájú èyí ni John ti mú kí ẹ̀rọ mìíràn, tí wọ́n rán wá dáàbò bò ó ní apá kejì, búra pé òun kò ní pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ Dyson yóò dà fún un, Dyson fúnra rẹ̀ ló kó wọn wọ Cyberdyne lọ lóru ọjọ́ náà.