Ẹ́ńjìnnì Ló Ń Yan Ibi Tí Olówó Ọkọ̀ Yóò Sùn

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, wọ́n máa ń pàtẹ ọkọ̀ afẹ́ ojú omi ní ìlú Southampton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí ọkọ̀ ni èèyàn ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó bàtà sí máa ń wà. Kò sẹ́ni tó ń wọ ọkọ̀ tuntun tòun ti bàtà. Ṣe ni wọ́n ń bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n á wá máa fi ìbọ̀sẹ̀ rìn lórí pákó. Ohun tí wọ́n ń wò nínú ọkọ̀ náà ò sì pọ̀: àga, bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì. Wọ́n á jókòó lórí tìmùtìmù, wọ́n á fọwọ́ pa tábìlì lára, wọ́n á ṣí fíríìjì wò, wọ́n á ní, "Èyí mà dáa o." Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ yẹn tó ronú kan àga rárá, ó ti dáhùn ìbéèrè kan tí kì í sí lọ́kàn ẹni tó wá wòran: níbo ni ẹ́ńjìnnì yóò wà? Ìdáhùn yẹn ló pín yàrá.

Ká fi ọkọ̀ tó gùn tó mítà 13 ṣe àpẹẹrẹ, oní ẹ́ńjìnnì dísù méjì, tó ní àga awakọ̀ nínú ilé, tó tún ní òmíràn lókè òrùlé fún ọjọ́ tí oòrùn bá ràn. Irú rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Princess ní Plymouth àti Fairline ní Oundle fi lórúkọ. Ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 4 lọ, bí yàrá kan ṣoṣo nínú ilé féèsì-mi-n-féèsì-ẹ. Inú ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá àyè fún yàrá ìbùsùn méjì, ilé ìwẹ̀ méjì, kíṣìnì, pálọ̀, ẹ́ńjìnnì méjì, jẹnẹrétọ̀, táǹkì epo, táǹkì omi àti táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀. Orí èèyàn ò sì gbọdọ̀ máa gbá àjà.

Ọ̀nà tó ti pẹ́ tí wọ́n ń gbà gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé inú omi ni ọ̀pá irin gígùn. Wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sí agbedeméjì ọkọ̀, ọ̀pá á ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, á da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sínú omi, pùròpẹ́là, irin bíi fáànù tó ń yí nínú omi, á wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá yìí ò gbọdọ̀ dà jù. Bó bá dà jù, apá kan nínú agbára tó yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú ni yóò máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè lásán. Nítorí náà, ó ní láti gùn, bó bá sì gùn, ẹ́ńjìnnì á jìnnà sí ìdí ọkọ̀. Ìyẹn ni pé ibi tó fẹ̀ jù nínú ọkọ̀, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mì, ẹ́ńjìnnì ló gbà á. Pálọ̀ á jókòó lé e lórí, àwọn tó fẹ́ sùn á sì fún ara wọn mọ́ iwájú níbi tí ọkọ̀ ti ṣe ṣóńṣó, tàbí kí wọ́n há sẹ́yìn.

Wọ́n ti wá ọgbọ́n oríṣiríṣi dá sí i. Àwọn kan gbé ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, wọ́n yí i padà kó kẹ̀yìn síwájú, gíà wá dá ọ̀pá padà gba abẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ká ẹsẹ̀ kò. Ní 1959, Volvo Penta ti ilẹ̀ Sweden gbé èyí tí wọ́n pè ní Aquamatic jáde. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èbúté Èrò lọ sí Ìkòròdú mọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ fáíbà. Kó fojú inú yọ orí ẹ́ńjìnnì yẹn, kó gbé e wọnú ọkọ̀, kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lóde. Bí Aquamatic ṣe rí nìyẹn. Ó gba àyè díẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ kékeré mu dáadáa títí dòní.

Èyí tó wá yí inú ọkọ̀ padà pátápátá ni IPS, tí ilé iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2005. Nínú èyí, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í yọ lẹ́yìn mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ gan-an ló ti sọ̀kalẹ̀ wá, ó dúró ṣánṣán, pùròpẹ́là méjì ló wà lára rẹ̀, iwájú ni wọ́n sì kọjú sí. Fífà ló ń fa ọkọ̀, kì í tì í. Omi tó bá pùròpẹ́là náà ṣì wà jẹ́ẹ́, ohunkóhun ò tíì dà á rú, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó fi agbára ṣòfò. Ẹsẹ̀ ọ̀hún lódindi ló sì ń yí láti darí ọkọ̀, kò nílò ìtọ́kọ̀ lọ́tọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ọ̀pá kékeré àfọwọ́darí kún un: awakọ̀ á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ náà á sì rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí alákàn, títí yóò fi fara kan èbúté.

Ọ̀pá kékeré yẹn làwọn olùtajà máa ń kọ́kọ́ nà sí oníbàárà lójú. Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ kò ní bọ́tìnì: ẹ́ńjìnnì ti kúrò láàárín, ó ti lọ jókòó sẹ́yìn. Àyè tó ṣófo ni yàrá ọ̀gá wá gbà, láti ògiri ọ̀tún dé ògiri òsì, pẹ̀lú fèrèsé lọ́tùn-ún lósì tí omi ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sùn níwájú ọkọ̀ lálẹ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, torí etí ìrọ̀rí níbẹ̀ ni ìgbì ti ń gbá ọkọ̀ ní àbàrá, iwájú yẹn ló sì máa ń fì sókè sódò jù.

Ó ní ohun tí wọ́n fi san án o. Ẹ́ńjìnnì wúwo, bó bá lọ sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ rì, imú rẹ̀ á fẹ́ gbéra. Ẹni tó ń ya àwòrán á wá kó nǹkan wíwúwo mìíràn síwájú díẹ̀, pàápàá táǹkì epo. Àmọ́ ìwọ̀n epo kì í dúró lójú kan. Lítà 1,000 dísù wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 840 nígbà tí wọ́n kúrò ní èbúté, nígbà tó bá fi máa dalẹ́, ó lè ku ìdajì. Ìdí nìyí tí wọn kì í gbé táǹkì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti dọ́gba, kí ìdúró ọkọ̀ má baà yí padà bí epo ṣe ń jó tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, táǹkì yìí ló fà á tí ògiri kan nínú yàrá fi nípọn ju èkejì rẹ̀ lọ, tí kọ́bọ́ọ̀dù ò fi jìn tó bó ṣe yẹ.

Ìwúwo yìí náà ló ń sọ bí ọkọ̀ á ṣe sáré tó. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá lásán máa ń dá ìgbì sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kì í sì í rọrùn fún un láti borí ìgbì náà. Bí gígùn rẹ̀ lójú omi bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, nọ́ọ̀tì 8 ni agbára rẹ̀ mọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan. Kó tó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní láti gòkè sórí omi kó máa yọ̀ lọ, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù tó ń ta pọ́nún-pọ́nún lójú odò. Ọkọ̀ tó wúwo jù kò ní gòkè. Ohun tó dà bíi mábù lórí tábìlì kíṣìnì, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gé e, ohun fífúyẹ́ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tún dá sí ọ̀rọ̀ yàrá. Ní 1960, ọkọ̀ Moppie ti Dick Bertram, tí Ray Hunt ya àwòrán rẹ̀, gba ipò kìíní nínú ìdíje láti Miami dé Nassau lójú òkun tó ń ru gùdù. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ ọkọ̀ náà mú bí àáké láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń la ìgbì, kò balẹ̀ gbì sórí omi. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ afẹ́ tó ń sáré ti ń mú nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú níta á mú nínú pẹ̀lú. Ilẹ̀ yàrá á fún, ògiri á máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń gòkè. Àwọn tó ń wòran máa ń ṣàròyé pé bẹ́ẹ̀dì iwájú ti ga jù, pé ó di kéèyàn gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, igun rẹ̀ á ti yọ sínú omi.

Yàrá àárín náà ní tirẹ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ ni òrùlé rẹ̀, torí náà ibi àbáwọlé nìkan ló máa ń jìn tó kí ọkùnrin gíga lè dúró ṣánṣán. Lórí bẹ́ẹ̀dì, àjà ti rọlẹ̀ wá. Kí ẹni tó ń wo ọkọ̀ má kàn jókòó létí bẹ́ẹ̀dì; kó dùbúlẹ̀, kó wá dìde lójijì bí ẹni tó gbọ́ ariwo lóru. Iwájú orí rẹ̀ á sọ fún un bóyá àwòrán náà dáa.

Kíṣìnì ti gòkè láti ìsàlẹ̀ wá sí pálọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, pàápàá sẹ́yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn gíláàsì, kí ẹni tó ń dáná lè nawọ́ oúnjẹ sí àwọn tó jókòó síta. Tábìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní etí tó ga díẹ̀ yí ká, kí abọ́ má yọ̀ ṣubú. Dúrọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó dì í mú. Èyí tí kò bá ní i, ilé ni wọ́n ṣe, wọn ò ṣe ọkọ̀. Bí gáàsì ni wọ́n fi ń dáná, sílíńdà rẹ̀ máa ń wà nínú àpótí tó ní ihò nísàlẹ̀ tó yọ síta. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; bó bá jò sínú ọkọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni yóò lọ kóra jọ sí, yóò máa dúró de iná. Lórí ọ̀pọ̀ odò inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Boat Safety Scheme, tí wọ́n ń ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, kì í gbójú fo ihò yẹn.

Ilé ìwẹ̀ dà bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ojú omi tó wà níta, omi ìwẹ̀ ò sì lè ṣàn lọ síbi tó ga ju ibi tó wà lọ. Inú àpótí kékeré kan lábẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ, nǹkan kan á léfòó nínú rẹ̀ bí omi bá ti pọ̀, ẹ̀rọ fífà á wá fà á síta. Irun àti ọṣẹ ni ọ̀tá àpótí yìí. Bí kò bá sí ọ̀nà láti fọwọ́ dé ibẹ̀, lọ́jọ́ kan ṣá, omi ọṣẹ á dé kókósẹ̀ ẹni tó ń wẹ̀.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kẹ́yìn, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ oní-IPS, ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sábà máa ń wà, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣí i á rí ohun tí yàrá ọ̀gá náni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá yẹn àti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Bí ohun tó ń gba ariwo lára ògiri náà bá tinrin, ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá yẹn ni yóò máa gbọ́ bó ṣe ń kùn lóru. Kó wá wo asẹ́ omi. Omi ìta ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára, asẹ́ ló sì ń gba ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ní ọ̀sà Èkó, níbi tí koríko ojú omi olódòdó àlùkò ti máa ń bo gbogbo nǹkan, ó lè dí láàárín ìrìn àjò kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ bá dé ibẹ̀ láìfara kan ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ńṣe lèèyàn máa fi àyà lélẹ̀, ọwọ́ kan lórí irin, orí kan lábẹ́ páìpù, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.