Orírun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "evil"

"Evil" ni ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ibi, ìwà ìkà àti ohun búburú. Ọ̀rọ̀ àbáláyé ni. Wọn kò yá a lọ́wọ́ Látìn tàbí Faransé.

Ìró rẹ̀

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n sọ títí di nǹkan bí ọdún 1100, "yfel" ni wọ́n ń kọ ọ́. Fáwẹ̀lì ni "y" yìí, Yorùbá kò sì ní ìró rẹ̀: ahọ́n yóò wà níbi tó máa ń wà fún "i", ètè yóò sì rí roboto bí ìgbà tí à ń pe "u". Bíi "v" ni wọ́n ń pe "f" àárín rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan mú fáwẹ̀lì náà gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn England, ó di "e". Ní àríwá, ó di "i". Ní ìwọ̀-oòrùn, ètè ṣì wà ní roboto, "u" ni wọ́n sì ń kọ. Ìdí nìyí tí "evel", "ivel" àti "uvel" fi wà nínú àwọn ìwé ìgbà náà. Èyí tó ní "e" ló borí. Lẹ́yìn náà ni "e" gígùn inú Gẹ̀ẹ́sì yí padà di ìró "i", tí àkọtọ́ kò sì bá a yí.

Àwọn ìbátan rẹ̀ ni "übel" ti Jámánì, tí ètè ṣì rí roboto nínú rẹ̀ dòní, àti "ubils" inú Bíbélì ọ̀rúndún kẹrin ní èdè Gọ́tì, èdè àtijọ́ kan tó bá Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tan. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó ṣeé ṣe kó bá "up" (sókè) àti "over" (kọjá) tan, kí ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jẹ́ ohun tó kọjá ààlà.

Ìlò

Láyé àtijọ́, ohunkóhun tí kò dára ni "yfel", títí kan àìsàn. "King's evil" ni wọ́n ń pe àrùn tó ń mú kókó sọ lọ́rùn, tí wọ́n gbà pé ọwọ́ ọba ń wò. Ní 1712, Ọbabìnrin Anne ti Britain fọwọ́ kan Samuel Johnson, tó wá di òǹkọ̀wé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, nítorí àrùn yìí. Báyìí, "bad" ni wọ́n sábà máa ń lò fún ohun tí kò dára nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

"Evil" àti "devil"

Wọn kì í ṣe ìbátan, bó ti wù kí wọ́n jọra tó. "Dēofol" ni "devil" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, láti inú "diabolos" ti Gíríìkì, ìyẹn abanijẹ́. Àdúrà Olúwa nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ "yfel". Ti Yorùbá ní "gbà wá lọ́wọ́ bìlísì". Láti inú "Iblīs" ti Lárúbáwá ni bìlísì ti wá, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé "diabolos" yìí kan náà ni orísun rẹ̀.