Àwọn ẹ̀rọ ìṣeré Claude Shannon

Claude Elwood Shannon (1916–2001), onímọ̀ ìṣirò àti ẹnjiníà iná mànàmáná ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣeré nígbà tí ó wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, àti lẹ́yìn tí ó di olùkọ́ ní Massachusetts Institute of Technology (MIT) ní ọdún 1956. Iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní ọdún 1948 lórí bí a ṣe lè wọn ìròyìn ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù.

Theseus

Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Theseus, eku onígi tí ó ṣe ní ọdún 1950, tí ó sì sọ lórúkọ akọni inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì tí ó wọ ilé àdììtú tí ó sì mọ ọ̀nà jáde. Betty, ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, bá a so wáyà rẹ̀.

Orí pátákó tí a pín sí ojú 25 ni eku náà ti ń rìn, láàrin àwọn ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè yọ kí a sì tún tò bí ó bá ṣe wù wá. Kò ní mọ́tò nínú. Òòfà ló wà níkùn rẹ̀, òòfà oníná mìíràn tí mọ́tò ń wọ́ kiri wà lábẹ́ pátákó, eku á sì máa tẹ̀ lé e. Bí irun imú rẹ̀, tí a fi wáyà bàbà ṣe, bá kan ògiri, yóò padà sí àárín ojú tí ó wà, yóò yí, yóò sì dán ìhà mìíràn wò, títí yóò fi dé ibi tí a ní kí ó dé. Bí a bá tún gbé e sí ojú tí ó ti tẹ̀ rí, yóò lọ tààrà láìkan ògiri kankan. Bí a bá sì ṣí ògiri nípò, yóò tún máa táràrà títí yóò fi bọ́ sí ojú tí ó mọ̀.

Relay bíi 75, irú swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń tì, tí wọ́n ń lò fún títo ìpè tẹlifóònù, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Méjì ló ń ṣọ́ ojú kọ̀ọ̀kan: relay méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wà ní ṣíṣí tàbí ní títì, lè dúró ní ọ̀nà mẹ́rin, èyí sì tó láti rántí ìhà mẹ́rin tí eku lè gbà jáde. Kí a sọ ọ́ bó ti yẹ, kì í ṣe eku ló mọ ọ̀nà, ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn kan a máa kà á mọ́ àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó lè kẹ́kọ̀ọ́. Ó bójú mu, bí a bá gbà pé ìrántí nìkan tó ohun tí a lè pè ní ẹ̀kọ́.

Kọ̀ǹpútà inú aṣọ

Shannon àti Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò, ṣe kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí sìgá lọ, tí ó ní transistor 12 (swíìṣì oníná kéékèèké), láti mọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù yóò bọ́ sí nínú roulette, tẹ́tẹ́ tí a ti ń ju bọ́ọ̀lù sórí àgbá tí ń yí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ swíìṣì rẹ̀ nínú bàtà, ohùn orin ló sì fi ń sọ èsì sí etí ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Las Vegas ní ọdún 1961. Ìṣirò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín tí ó lọ sí etí ń já ṣáá, wọn kò sì lè fi owó ńlá ta tẹ́tẹ́.

Àwọn mìíràn

Ó ṣe THROBAC, tí ń fi nọ́ńbà àwọn ará Róòmù ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ tí ń ju bọ́ọ̀lù irin lu ìlù tí ó sì ń hán an. Àti fèrè tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún ṣe àpótí kan, láti inú èrò Marvin Minsky, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ó jẹ́ pé bí a bá tan swíìṣì rẹ̀, ìdérí á ṣí, ọwọ́ kan á yọ síta, á pa swíìṣì náà, á sì padà wọlé. Theseus wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MIT.