Ariwo orí kajú yẹn: ẹ má tíì ra oògùn

"Ọ̀gá, oògùn wo ló lè pa á?"

Bàbá kan tó ń dáko lọ́nà Ìkòyí-Ilé ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, a ò tíì kíra tán. Ó gbé fóònù sókè kí n lè gbọ́ ohun tó ń wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ayùn gé páànù, tí kò sì dúró mí. Bàbá ní ó di ọjọ́ kẹrin tí kòkòrò náà ti ń han lórí kajú òun, láti ìyálẹ̀ta títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyàwó wọn ní aláàńtète ni. Bàbá alára ní ìrẹ̀ orí igi ni. Ẹni tí oko wọn jọ pààlà sì ti ní eṣú ni, pé kí bàbá yáa wá oògùn kó tó jẹ oko náà kanlẹ̀.

Mo ní kí wọ́n má ra nǹkan kan títí n ó fi dé.

Iṣẹ́ ààbò irè oko ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Kò sí ọdún tí ọyẹ́ á lọ tán, tí ooru á mú, tí irú ìpè yìí kì í wọlé sórí fóònù mi. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ti ra oògùn kí wọ́n tó pè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lónìí.

Kòkòrò náà kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dárúkọ yẹn. Sìkádà ni àwa tí a kọ́ nípa kòkòrò ń pè é, òun náà ni n ó sì máa pè é. Ìrẹ̀ ń gbé inú ihò, òru ló sábà máa ń ké, ìyẹ́ iwájú rẹ̀ méjèèjì ló ń fi ha ara wọn tó fi ń dún. Eṣú ní ẹnu tó ń rún ewé wómúwómú. Sìkádà ò lè gé ewé kankan jẹ, àní bí ebi bá ń pa á kú. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́: á gún un bọ ara igi, á sì máa fa omi bí ọmọ tó ń fi sitírọ́ọ̀ fa mínírà. Omi tí gbòǹgbò ń gbé lọ sókè ló ń fà yẹn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà ó ní láti mu púpọ̀ kó tó yó, ẹni tó bá sì mu omi púpọ̀, ẹ mọ ohun tó kù. Bí ẹ bá ti jókòó sábẹ́ igi ńlá rí nínú oòrùn ganrínganrín, tí omi tín-ín-tín ń ta sí yín lọ́rùn láìsí òjò, ó ṣeé ṣe kí ìtọ̀ sìkádà ni. Mo mọ ìyá kan tó kó àtẹ rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi nítorí omi yẹn, ó ní àwọn ẹlẹ́yẹ ló ń ta nǹkan sí òun lára. N ò rí ìyá náà yí lọ́kàn padà.

Nígbà tí mo dé oko bàbá, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló kọ́kọ́ wá pàdé mi. Ó kúnlẹ̀, "Ẹ káàsán, sà," mo sì rí i pé ó to nǹkan mẹ́fà mọ́ àyà yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀gá sójà bá to àmì-ẹ̀yẹ. Èèpo sìkádà ni. Mo bọ́ ọ̀kan, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kí bàbá lè rí i. Ó fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ojú wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, méjì iwájú sì rí ṣágiṣàgi bí ti akàn. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ sì là tààrà láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Bàbá ní àwọn ti rò pé àkekèé tó kú ni.

Kì í ṣe òkú. Ẹ̀wù tó bọ́ sílẹ̀ ni. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọmọ sìkádà ń gbé, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú yẹn walẹ̀, ó ń fa omi gbòǹgbò, ọdún á sì máa gorí ọdún. Nígbà tó bá dàgbà tán, á gbẹ́ ihò jáde lálẹ́, á gun igi, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, ẹ̀dá tuntun tó ní ìyẹ́ á yọ jáde níbẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà ló ti gbọ́dọ̀ rí aya, ohun tó sì ń fa gbogbo ariwo náà nìyẹn. Akọ nìkan ló ń pariwo. Abo ò ní ohun èlò rẹ̀.

Ẹ mú ìdérí agolo mílíìkì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, á dún kọ́. Ẹ tú u sílẹ̀, á tún dún kọ́. Irú awọ líle tó rí bẹ́ẹ̀ wà ní ìhà ọ̀tún àti òsì ikùn akọ sìkádà, iṣan sì wà nínú tó ń fà á, tó ń tú u sílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ikùn náà ṣófo bí inú ìlù, òun ló ń mú kí ohùn náà ròkè. Irú kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n wọn ariwo rẹ̀, tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 106.7 ní ìdajì mítà sí i. Ẹ̀rọ tí àwọn agégi fi ń la igi ló lè bá a dọ́gba. Kí ó má baà di adití fúnra rẹ̀, ó ń ká etí rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá ń ké.

Ti ilé wa ò tíì tó nǹkan o. Ìyá kan ní Màsífà, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Illinois ní Amẹ́ríkà (ibo lọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò sí?), fi fídíò kan hàn mí ní ọdún 2024. Ọmọ náà ń rìn lójú pópó, kòkòrò ń dún ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀, igi dúdú fún wọn, ojú wọn sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá ní ṣé òpin ayé ló dé ni.

Òpin ayé kọ́. Sìkádà tiwa ń jáde lọ́dọọdún, nítorí pé bí àwọn kan ṣe ń dàgbà jáde ni àwọn àbúrò wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Irú wọn méje ló wà, mẹ́ta ń lo ọdún 17 lábẹ́ ilẹ̀, mẹ́rin ń lo ọdún 13. Gbogbo àwọn tó wà ládùúgbò kan jọ ń dàgbà ni, wọ́n jọ ń dúró, wọ́n sì jọ ń jáde ní ìgbà ìrúwé, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbóná tó bíi digíríì 18. Wọ́n lè tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lórí éékà ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n pín wọn sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọdún tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 ni pé ẹgbẹ́ ọlọ́dún 13 kan àti ẹgbẹ́ ọlọ́dún 17 kan bọ́ sí ọdún kan náà, Illinois sì ni wọ́n ti súnmọ́ ara wọn jù. Ìgbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn fún àwọn méjèèjì ni 1803. Ẹ sọ 13 di ìlọ́po 17, ẹ ó rí 221; ó di 2245 kí wọ́n tó tún pàdé.

Báwo ni kòkòrò inú òkùnkùn ṣe ń ka ọdún? Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí kan ní Kalifọ́níà kó àwọn ọmọ sìkádà ọlọ́dún 17 tó ti lo ọdún 15, wọ́n kó wọn sí gbòǹgbò igi tí wọ́n ti dọ́gbọ́n sí kó lè rúwé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Àwọn kòkòrò náà jáde kó tó yẹ. Ìyẹn ni pé oṣù kọ́ ni wọ́n ń kà, omi igi ni wọ́n ń tọ́ wò: bí igi bá rúwé, wọ́n á ka ọ̀kan. Igi rúwé ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n kà á sí ọdún méjì. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Ní ti ìdí tó fi jẹ́ 13 àti 17 gan-an, tí kì í ṣe 12 tàbí 16, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e.

Ìdí tí wọ́n fi ń jáde pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ronú nípa èsúnsún. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sán, nígbà tó di alẹ́ wọ́n bo gbogbo gílóòbù, àwọn ọmọdé gbé abọ́ omi sábẹ́ iná. Adìẹ jẹ, alángbá jẹ, àkèré jẹ, àwa náà yan tiwa jẹ, síbẹ̀ ilẹ̀ mọ́, a rí ìyẹ́ rẹpẹtẹ nílẹ̀, ikán ò sì tán láyé. Wọ́n ti pọ̀ ju ohun tí ikùn gbogbo wa lè gbà lọ. Ọgbọ́n kan náà ni ti sìkádà Amẹ́ríkà. (Àwọn kan ń jẹ sìkádà náà níbẹ̀. Ẹni tí edé bá ń yọ lára kó má dán an wò, nítorí ìbátan ni wọ́n. Èsúnsún tó bá sì jáde ní ilé tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ọmọ.)

Nígbà tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yẹn, eṣú inú Bíbélì ni wọ́n pe sìkádà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ẹnì kan tó tètè mójú tó ọ̀rọ̀ náà ni Benjamin Banneker, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Maryland, tó tún mọ̀ nípa ìràwọ̀. Ọmọ ọdún 17 ni òun alára nígbà tí wọ́n tú jáde ní 1749. Ó rò pé ìyàn ló dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, kò pẹ́ tó fi rí i pé òun kàn ń fi ara òun ṣe wàhálà ni. Ó tún rí wọn ní 1766 àti 1783. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ọdún mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń wá, ó sì ń retí wọn ní 1800. Mo sọ ìtàn yìí fún bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kí òun náà tó mọ̀, ó ti pa díẹ̀."

Èmi náà ti pa díẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnì kan pè mí sí oko máńgòrò nítorí ariwo yìí, mo gbé táńkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn, mo fọ́n ọn sókè láàárọ̀, igi wà nínú òdòdó. Ariwo dúró fún ọjọ́ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n oyin tí ọkùnrin kan ń sìn nítòsí kú nílẹ̀ bẹẹrẹ, èso máńgòrò náà kò sì jọ èso lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tó bá mi wí, nítorí pé ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Oyin àti eṣinṣin ló ń bá òdòdó kajú àti máńgòrò di èso. Ẹni tó bá fọ́n oògùn sí wọn ń san owó láti pa àwọn òṣìṣẹ́ ara rẹ̀.

Kí a má purọ́, sìkádà lè ṣe igi léṣe díẹ̀. Abo ní ohun mímú kan ní ìdí rẹ̀ tó fi ń la ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kó tó yín sí i, orí ẹ̀ka náà sì lè rọ. Igi àgbà ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ti Amẹ́ríkà ló máa ń nira fún igi kéékèèké, nítorí iye tí wọ́n jẹ́, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré ni wọ́n sì fi ń bò ó, kì í ṣe oògùn. Níbí, n ò tíì rí oko kan tí mo ní láti bò.

Àwọn tó ń jẹ wá kì í pariwo. Kòkòrò àgbàdo tó wọ Nàìjíríà ní 2016, tó ń wọ inú ọ̀mùnú lọ jókòó, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ rí? Tata tó ń tú ẹ̀gẹ́ sí ìhòòhò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ìyẹn, ibi tí wọ́n kóra jọ sí láti yín sílẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀ ni ẹ fi ọkọ́ hú, kí oòrùn lè pa ẹyin náà.

Bàbá wá bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe báyìí. Mo ní kí a jọ rìn yí ká oko. A ò tíì dé ìlà kẹta tí a fi rí ẹ̀ka kajú nílẹ̀, ó nípọn tó ọwọ́ mi, ibi tó ti já sì yípo rẹ́gí bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kiri. Mo là á. Ìdin funfun kan wà láàárín igi náà, ó ń jẹ lọ. Ìyá rẹ̀ ni kòkòrò kan tí ìwo rẹ̀ gùn, tó ń gé ẹ̀ka yípo kó lè kú, tó sì ń yín síbẹ̀. Ẹ̀ka mọ́kànlá la ṣà ní ọ̀sán yẹn. Ọmọ-ọmọ wọn ló lọ mú ìṣáná wá, a kó wọn jọ, a dáná sun wọ́n, àwọn sìkádà sì ń han lókè wa ní gbogbo ìgbà náà.